John Philip Holland: Olùkọ́ Tí Ó Fún Ayé Ní Ọkọ̀ Abẹ́ Omi

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Òwe yìí bá ìgbésí ayé ọkùnrin tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò yìí mu rẹ́gí. Ọmọ etí òkun ni, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò ríran tó láti di atukọ̀. Ó lo nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ẹgbẹ́ ẹ̀sìn, ó sì jẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tálákà. Síbẹ̀, òun ni ó ṣe ọkọ̀ abẹ́ omi àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbà wọ iṣẹ́ ogun ní kíkún, èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè ńláńlá mìíràn sì tẹ̀ lé. Orúkọ rẹ̀ ni John Philip Holland. Ohun tí ó ní lọ́kàn nígbà tí ó dáwọ́ lé iṣẹ́ náà yàtọ̀ pátápátá sí ibi tí iṣẹ́ náà parí sí, ìyàtọ̀ yìí gan-an ni ó sì mú kí ìtàn rẹ̀ yẹ ní gbígbọ́ fún gbogbo ẹni tí Ọlọ́run fún ní ẹ̀bùn ọwọ́ tàbí ti ọpọlọ.

ỌMỌ TÍ A BÍ ṢÁÁJÚ ÌYÀN

Ní ọjọ́ 24, oṣù Kejì, ọdún 1841 ni a bí Holland ní Liscannor, abúlé kékeré kan ní etí òkun Atlantic, ní ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Ireland. Bàbá rẹ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa gun ẹṣin lọ sókè sódò ní etí òkun, kí ó máa ṣọ́ àwọn onífàyàwọ́. Èdè ìbílẹ̀ Irish ni ìyá rẹ̀ ń sọ, èdè yìí náà ni ọmọ sì fi la ẹnu. Ilé ẹ̀kọ́ ni ó ti wá kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì dáadáa.

Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí àrùn kọlu ọ̀dùnkún nínú oko, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀dùnkún ni oúnjẹ tí àwọn tálákà ilẹ̀ náà gbójú lé. Ìyàn tí ó tẹ̀ lé e bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1845, kò sì kásẹ̀ nílẹ̀ títí di ọdún 1852. Nǹkan bí mílíọ̀nù kan ènìyàn ni ebi àti àìsàn pa, àwọn tí ó ju mílíọ̀nù kan lọ sì fi ìlú sílẹ̀. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń ṣàkóso Ireland nígbà náà, ọkọ̀ sì ń kó ọkà àti ẹran ọ̀sìn jáde lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí àwọn ará ilé kò rí jẹ. Ọmọ tí ó bá dàgbà ní etí òkun ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ kò lè ṣàì mọ ohun tí ọkọ̀ ojú omi túmọ̀ sí. Ẹni tí ó bá ni ọkọ̀ ni ó ni òkun, ẹni tí ó bá sì ni òkun ni ó ni oúnjẹ.

Bàbá Holland kú nígbà tí ọmọ náà ṣì kéré, ìdílé rẹ̀ sì kó lọ sí ìlú Limerick.

NÍNÚ ẸGBẸ́ ÀWỌN ARÁKÙNRIN

Ní ọdún 1858, nígbà tí ó di ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, Holland wọ inú ẹgbẹ́ Christian Brothers ti Ìjọ Àgùdà. Edmund Rice ni ó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní ìlú Waterford ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, iṣẹ́ tí wọ́n sì yàn láàyò ni láti kọ́ àwọn ọmọkùnrin tí òbí wọn kò lówó. Wọn kì í gbéyàwó, wọn kì í sì í kó ọrọ̀ jọ.

Wọ́n rán Holland lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí a ń pè ní North Monastery ní ìlú Cork. Níbẹ̀ ni ó ti bá Arákùnrin James Dominic Burke pàdé, ògbóǹkangí olùkọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tí ó fẹ́ràn láti máa fi iná mànàmáná àti ẹ̀rọ dánra wò níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Burke rí i pé ọ̀dọ́kùnrin náà ní ojú inú, ó sì gbà á níyànjú. Lẹ́yìn èyí, Holland kọ́ni ní ìlú mélòó kan ní Ireland. Ó kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, ó sì fi ìlànà tonic sol-fa, tí àwọn ẹgbẹ́ akọrin wa mọ̀ bí ẹni mowó, kọ́ wọn ní orin.

Ìròyìn kan tí ó ti òkè òkun wá ní ọdún 1862 ni ó yí ọkàn rẹ̀ padà. Ní oṣù Kẹta ọdún náà, nígbà tí ogun abẹ́lé ń jà ní Amẹ́ríkà, ọkọ̀ ogun onírin kan tí ń jẹ́ Virginia ba ọkọ̀ onígi méjì jẹ́ ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ní ọjọ́ kejì, ìyẹn ọjọ́ 9, ọkọ̀ onírin mìíràn tí ń jẹ́ Monitor kò ó lójú. Wọ́n fi wákàtí púpọ̀ yin ìbọn lu ara wọn, ìkan kò sì lè rì ìkejì. Holland lóye ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ìgbà ọkọ̀ ogun onígi ti kọjá. Orílẹ̀-èdè kékeré kò sì lè ní owó láti kan ọkọ̀ onírin tí yóò tó ti Gẹ̀ẹ́sì láéláé. Ṣùgbọ́n irin tí ó bo ọkọ̀ lókè kò wúlò bí ọ̀tá bá gba abẹ́ rẹ̀ wá. Láti ìgbà náà ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán ọkọ̀ abẹ́ omi nínú ilé àwọn Arákùnrin.

ÀWỌN TÍ Ó TI GBÌYÀNJÚ ṢÁÁJÚ

Holland kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó ronú nípa rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1620, ará Holland kan tí ń jẹ́ Cornelis Drebbel ti fi ọkọ̀ onígi tí a fi awọ bò, tí àwọn ènìyàn ń fi àjẹ̀ wà, rìn lábẹ́ odò Thames ní London. Ní ọdún 1775, David Bushnell ará Amẹ́ríkà ṣe ọkọ̀ kékeré kan tí ó dà bí ẹyin, tí ẹnì kan ṣoṣo ń wà. Ó pè é ní Turtle. Sájẹ́ǹtì Ezra Lee fi í lọ sí abẹ́ ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní èbúté New York láti lọ de àdó olóró mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kò ṣeé ṣe. Ní ọjọ́ 17, oṣù Kejì, ọdún 1864 ni ọkọ̀ abẹ́ omi kọ́kọ́ rì ọkọ̀ ogun. H. L. Hunley rì Housatonic nítòsí Charleston ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n òun pẹ̀lú kò padà wálé, gbogbo àwọn mẹ́jọ tí ó wà nínú rẹ̀ sì kú. Ní ọdún 1879, àlùfáà ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, George Garrett, ṣe ọkọ̀ abẹ́ omi tí ó fi ẹ̀rọ oníná ooru ṣiṣẹ́. Ó sọ ọ́ ní Resurgam, èyí tí ó túmọ̀ sí pé èmi yóò tún dìde ní èdè Látìn. Ọkọ̀ náà rì ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e nígbà tí wọ́n ń fà á lọ lójú òkun, kò sì dìde mọ́.

Nítorí náà, ìṣòro tí ó wà nílẹ̀ kì í ṣe bí ọkọ̀ yóò ṣe wọ abẹ́ omi. Ìṣòro náà ni bí yóò ṣe máa rìn níbẹ̀ ní ìrọ̀rùn, bí a óò ṣe máa darí rẹ̀, àti bí àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ yóò ṣe padà jáde láàyè.

YÌNYÍN ÌLÚ BOSTON

Ara Holland kò le. Ní ọdún 1873, nítorí àìlera, ó kúrò nínú ẹgbẹ́ àwọn Arákùnrin kí ó tó jẹ́ ẹ̀jẹ́ ìkẹyìn, ó sì wọ ọkọ̀ lọ sí Amẹ́ríkà níbi tí àwọn ẹbí rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Kò pẹ́ tí ó dé ìlú Boston ni ó yọ̀ ṣubú lórí yìnyín ní òpópónà, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ṣẹ́. Orí ibùsùn ni ó wà fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ibẹ̀ ni ó sì ti gbé àwọn àwòrán àtijọ́ rẹ̀ jáde, tí ó tún wọn yẹ̀ wò, tí ó sì tún gbogbo ìṣirò rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó rí iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ St. John ní ìlú Paterson, ìpínlẹ̀ New Jersey. Ní ọdún 1875, ó fi àwòrán ọkọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀ka ìjọba tí ń rí sí ọ̀ràn ogun ojú omi ní Washington. Wọ́n dá a lóhùn pé àlá lásán ni, pé kò sí ọmọlúwàbí atukọ̀ kan tí yóò gbà láti wọ inú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀.

OWÓ ÀWỌN ÀJÒJÌ

Àwọn kan wà tí kò kà á sí àlá. Michael, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìyá rẹ̀, mú un mọ àwọn Fenian, ìyẹn àwọn ọmọ Ireland ní Amẹ́ríkà tí wọ́n fẹ́ fi ohun ìjà gba òmìnira fún ilẹ̀ wọn. Àwọn wọ̀nyí ní àpò owó kan tí àwọn ará wọn ń dá sí láti ibi gbogbo, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ń dá a ni ó sì jẹ́ òṣìṣẹ́ kékeré tí ìyàn lé kúrò nílé. Láti inú àpò yìí ni wọ́n ti fún Holland ní owó.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1878, wọ́n gbé ọkọ̀ àkọ́kọ́ sínú odò Passaic ní Paterson. Gígùn rẹ̀ kò tó mítà márùn-ún, ẹnì kan ṣoṣo ni ó sì lè jókòó sínú rẹ̀. Lójú gbogbo àwọn tí ó wá wòran, ó rì. Holland ti ṣe ìṣirò rẹ̀ fún omi òkun oníyọ̀, èyí tí agbára rẹ̀ láti gbé nǹkan léfòó ju ti omi odò lọ. Ó fà á jáde, ó tún un ṣe, nígbà tí ó sì di oṣù Kẹfà ọdún náà, ó wọ inú rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó rì wọ abẹ́ omi, ó sì jáde wá níwájú àwọn olówó rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ó fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀.

Ọkọ̀ kejì jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún 1881 láti ilé iṣẹ́ Delamater ní New York. Ó gùn tó mítà mẹ́sàn-án àti ààbọ̀, ó wúwo tó tọ́ọ̀nù 19, ènìyàn mẹ́ta sì ni ó ń wà á. Akọ̀ròyìn kan ni ó sọ ọ́ ní Fenian Ram. Ọkọ̀ yìí ń gbọ́ràn sí olùdarí rẹ̀ lẹ́nu lábẹ́ omi, bí irú rẹ̀ kan kò ti ṣe é rí.

Ṣùgbọ́n ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn Fenian lórí owó. Ní òru ọjọ́ kan nínú oṣù Kọkànlá ọdún 1883, àwọn kan nínú wọn fi ìwé tí wọ́n ti ayédèrú ìbuwọ́lùwé Holland bọ̀ gba ọkọ̀ náà lọ́wọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́. Wọ́n fà á lọ sí New Haven, pẹ̀lú ọkọ̀ kékeré mìíràn tí Holland ń lò fún ìdánwò. Èyí kékeré rì lójú ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n sì dé ibi tí wọ́n ń lọ, kò sí ẹnì kan nínú wọn tí ó mọ bí a ti ń wa Ram. Holland kò bá wọn jà, kò pè wọ́n lẹ́jọ́, kò sì ràn wọ́n lọ́wọ́. Ó fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ fún wọn, kò sì bá wọn ṣiṣẹ́ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ọdún púpọ̀ ṣe lọ láàárín òru kan.

SÙÚRÙ OLÙKỌ́

Sùúrù ni baba ìwà. Holland ṣiṣẹ́ ayàwòrán ẹ̀rọ láti fi rí oúnjẹ òòjọ́. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1887, ó gbé Margaret Foley níyàwó ní Brooklyn, wọ́n sì bímọ. Láàárín àkókò yìí kò fi àwòrán rẹ̀ sílẹ̀. Ìjọba Amẹ́ríkà pe ìdíje fún àwòrán ọkọ̀ abẹ́ omi ní ọdún 1888, ní 1889, àti ní 1893. Holland ni ó ń borí, ṣùgbọ́n owó kò jáde títí di ọdún 1895, nígbà tí wọ́n gbé iṣẹ́ ọkọ̀ kan tí ń jẹ́ Plunger fún ilé iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn ọ̀gágun wá sọ pé ẹ̀rọ oníná ooru ni wọ́n fẹ́ nínú rẹ̀. Holland mọ̀ pé ooru rẹ̀ kò ní ṣeé fara dà nínú àgbá irin tí a dé pa, bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì rí. Dípò kí ó máa jiyàn, òun àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ wá owó fún ọkọ̀ mìíràn tí ẹnikẹ́ni kò ní pàṣẹ lé e lórí.

Ọkọ̀ yìí, Holland VI, ni wọ́n gbé sínú omi ní Elizabeth, New Jersey, ní ọjọ́ 17, oṣù Karùn-ún, ọdún 1897. Ó gùn tó mítà 16. Ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ pọ̀. Lójú omi, ẹ́ńjìnnì epo pẹtiróòlù ni ń wà á, ẹ́ńjìnnì yìí náà sì ń fi iná kún bátìrì. Lábẹ́ omi, níbi tí kò sí afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì láti mí, iná mànàmáná inú bátìrì ni ń yí abẹ̀bẹ̀ ìdí ọkọ̀. Àwọn tí ó ṣáájú máa ń fẹ́ kí ọkọ̀ rì tààrà bí òkúta. Ti Holland kò rí bẹ́ẹ̀. Ó gba omi sínú àwọn àgbá rẹ̀ títí yóò fi kù díẹ̀ kí ó rì, lẹ́yìn náà ó fi eré rẹ̀ àti ìtọ́kọ̀ ìdí rẹ̀ ki orí bọ omi bí ẹja. Bí ẹ̀rọ rẹ̀ bá dákẹ́, yóò léfòó padà fúnra rẹ̀. Ọgbọ́n kékeré yìí ni ó fi ẹ̀mí àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ pamọ́.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, wọ́n gbàgbé ihò kan ní ṣíṣí, ọkọ̀ náà sì rì síbi tí wọ́n so ó mọ́. Wọ́n gbé e jáde, wọ́n sì gbẹ omi inú ẹ̀rọ iná rẹ̀. Ní ọjọ́ 17, oṣù Kẹta, ọdún 1898, tí í ṣe ọjọ́ ìrántí Patrick Mímọ́, àpọ́sítélì ilẹ̀ Ireland, ó kọ́kọ́ wọ abẹ́ omi nítòsí Staten Island. Theodore Roosevelt, tí ó wà ní ọ́fíìsì ọ̀ràn ogun ojú omi nígbà náà, gba ìjọba nímọ̀ràn láti rà á. Ní ọjọ́ 11, oṣù Kẹrin, ọdún 1900, Amẹ́ríkà rà á ní dọ́là 150,000, iye tí kò tó èyí tí wọ́n ti ná lé e lórí. Ní ọjọ́ 12, oṣù Kẹwàá ọdún náà, wọ́n gbà á wọ iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí USS Holland. Títí di òní, ọjọ́ 11, oṣù Kẹrin ni àwọn ọmọ ogun abẹ́ omi Amẹ́ríkà fi ń ṣe ọjọ́ ìbí wọn.

NÍGBÀ TÍ IṢẸ́ KÚRÒ LỌ́WỌ́ OLÙṢE

Kí ọkọ̀ náà tó di rírà ni agbẹjọ́rò kan tí ó tún jẹ́ oníṣòwò bátìrì, Isaac Rice, ti dá ilé iṣẹ́ Electric Boat sílẹ̀ ní ọdún 1899. Ilé iṣẹ́ yìí ni ó gba gbogbo ẹ̀tọ́ lórí àwòrán Holland, Holland fúnra rẹ̀ sì di ẹni tí a ń san owó iṣẹ́ fún. Ilé iṣẹ́ náà kò bèèrè ohun tí ó mú olùkọ́ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí wọ́n tó wá oníbàárà. Àwọn tí wọ́n bá dòwò ni ilé iṣẹ́ Vickers ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọjọ́ 2, oṣù Kẹwàá, ọdún 1901, Vickers gbé ọkọ̀ abẹ́ omi àkọ́kọ́ ti ẹgbẹ́ ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì sínú omi ní Barrow. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni Holland 1.

Ẹ jẹ́ kí a ro ọ̀rọ̀ yìí wò. Nítorí agbára Gẹ̀ẹ́sì lórí òkun ni ọmọ Liscannor ṣe ya àwòrán àkọ́kọ́. Owó àwọn tí ìyàn lé kúrò nílé ni ó fi kan ọkọ̀ àkọ́kọ́. Ní ìkẹyìn, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń jẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1904, lẹ́yìn èdè-àìyedè pẹ̀lú àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́, Holland kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó fẹ́ dá tirẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbé e lọ sí kóòtù, nítorí àwòrán tí ó ti inú orí rẹ̀ jáde kì í ṣe tirẹ̀ mọ́ lábẹ́ òfin. Ilẹ̀ Japan, tí ó ra ọkọ̀ márùn-ún tí a ṣe ní àwòrán rẹ̀, fi oyè ọlá dá a lọ́lá. Ó padà sí ilé rẹ̀ ní Newark, ó ń ronú nípa ẹ̀rọ tí ń fò. Ní ọdún 1913, wọ́n ta USS Holland fún oníṣòwò irin àlòkù. Dọ́là 100 péré ni wọ́n tà á.

Holland kú ní Newark ní ọjọ́ 12, oṣù Kẹjọ, ọdún 1914, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 22, oṣù Kẹsàn-án, ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì kan ṣoṣo, U-9, rì ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta láàárín nǹkan bí wákàtí kan àti ààbọ̀, àwọn tí ó ju 1,400 lọ sì ṣègbé. Ohun tí Holland rí tẹ́lẹ̀ ní ọdún 1862 ṣẹ. Ṣùgbọ́n kò dúró lórí ọkọ̀ ogun nìkan. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1915, U-20 rì ọkọ̀ èrò Lusitania ní etí òkun Ireland fúnra rẹ̀, àwọn tí ó kú lé ní 1,100, obìnrin àti ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1917, ó kan ọkọ̀ Apapa ti ilé iṣẹ́ Elder Dempster, tí ó ń jẹ́ orúkọ Àpápá wa ní Èkó, tí ó sì ń ná ọ̀nà Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà sí Liverpool. Ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì rì í nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó gúnlẹ̀.

ÈSO MÌÍRÀN

Kì í ṣe ikú nìkan ni ó ti inú iṣẹ́ náà jáde. Ilé iṣẹ́ Electric Boat yìí kan náà ni ó kan Nautilus, ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí agbára átọ́míìkì ń wà, tí wọ́n gbé sínú omi ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1954. Ní ọjọ́ 3, oṣù Kẹjọ, ọdún 1958, Nautilus gba abẹ́ yìnyín kọjá ní Òpó Àríwá ayé pẹ̀lú ènìyàn 116 nínú rẹ̀, ohun tí ọkọ̀ kankan kò tíì ṣe rí.

Ẹni tí ó bá lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú Paterson yóò rí ọkọ̀ kékeré tí ó rì ní odò Passaic, nítorí wọ́n wú u jáde ní ọdún 1927. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni Fenian Ram tí wọ́n jí wà. Ní ọdún 1916 ni wọ́n gbé Ram yìí jáde fún àwọn ará New York láti wò, kí wọ́n lè rí owó fún àwọn tí ìjà òmìnira Dublin sọ di aláìní. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe láti fi rì ọkọ̀ kò rì ọkọ̀ kankan rí. Ohun tí ó ṣe tí ó ní láárí jù lọ ni pé ó bọ́ àwọn aláìní. Ní Gosport ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé mìíràn ni ó tọ́jú Holland 1, tí òun náà rì ní ọdún 1913, tí wọ́n sì gbé jáde ní ọdún 1982.

Àwọn ọ̀dọ́ wa tí ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ àti kọ̀ǹpútà pọ̀ lónìí. Wọn yóò rí i nínú ìtàn yìí pé ẹni tí ó ṣubú lórí yìnyín, tí wọ́n pè ní alálàá, tí wọ́n sì jí iṣẹ́ rẹ̀ kó, ṣì lè dìde parí ohun tí ó bẹ̀rẹ̀. Wọn yóò tún rí i pé ìbéèrè nípa ẹni tí yóò lo iṣẹ́ ọwọ́ wa, àti ohun tí yóò fi ṣe, yẹ kí ó ṣáájú ìbuwọ́lùwé. Holland bi ara rẹ̀ ní gbogbo ìbéèrè nípa omi, irin àti iná, ó sì rí ìdáhùn wọn. Ìbéèrè kan yìí ni àwọn ẹlòmíràn bá a dáhùn.